Láti Ganhi dé Òkè Atacora: Ọ̀nà Yangí Tí Kẹ̀kẹ́ Lè Gbà, àti Àwọn Tó Fi Ọwọ́ Wọn Là Á

 

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ti wọ ẹnu àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ganhi níbí. Ìgbà náà ni wọ́n gbé ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé wá sí Kigali ní ilẹ̀ Rùwáńdà, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wá sí Áfíríkà láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe é. Tadej Pogačar, ọmọ Slovenia, ló gba ipò kìíní láàárín àwọn ọkùnrin, lẹ́yìn kìlómítà tó lé ní 267 lórí òkè lórí òkè. A wò ó lórí fóònù pẹ̀lú àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọjà. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọkùnrin kan tó ń ta káàdì fóònù, yíjú sí wa, ó ní: "Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ máa ń kọ ìtàn, bí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣe irú eré yìí níbí, èyí tó gùn dáadáa, tó máa gba orí òkè, tí kò sì ní gba orí gudurọ́nù, ọ̀nà wo ni yóò gbà?"

Ìbéèrè ẹnu ọ̀nà ni, àmọ́ a gbé e délé. A tẹ́ máàpù sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ ọ̀nà láti etí òkun lọ sí àríwá. Kò pẹ́ tí a fi rí i pé ó ṣòro láti rí ibì kan lójú ọ̀nà náà tí kò ní ìtàn àwọn ènìyàn wa nínú. Níbòmíràn, wọ́n sá gun òkè ibẹ̀ nítorí ogun. Níbòmíràn, wọ́n fi ọkọ́ àti apẹ̀rẹ̀ la ọ̀nà ibẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ìyẹn la fẹ́ sọ lónìí, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ká tó gbéra, ẹ jẹ́ ká mọ irú eré tí a ń wí. Eré kẹ̀kẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, irú Tour du Bénin, orí títì ọlọ́dà ni wọ́n ti ń sá a. Ọkọ̀ ń tẹ̀ lé wọn, ọlọ́pàá ń ṣáájú, bí ilẹ̀ bá ṣú kálukú á lọ sùn. Èyí tí ọmọ náà ń béèrè yàtọ̀. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní táyà tó fẹ̀ ju ti orí títì lọ, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ bí ìwo àgbò, ó lè gba orí yangí, orí òkúta wẹ́wẹ́ àti ọ̀nà oko. Nínú àwọn tó gùn jù lọ, aago kì í dúró láti ìgbà tí wọ́n bá ti gbéra títí dé òpin. Bí o bá sùn, àkókò ń lọ. Kò sí ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé ọ. Omi tí o máa mu, ìwọ lo máa wá a. Táyà tó bá jò, ìwọ lo máa lẹ̀ ẹ́.

Èyí tó lókìkí jù nínú irú rẹ̀ ní Áfíríkà ni Atlas Mountain Race ti ilẹ̀ Mòrókò. Ọdún 2020 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Wọ́n gbéra ní Marrakech, wọ́n gba àárín òkè Atlas àti Anti-Atlas, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí etí òkun lápá Agadir. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 1,150, àpapọ̀ òkè tí ènìyàn máa gùn níbẹ̀ sì lé ní mítà 20,000. Sofiane Sehili, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣáájú lọ́dún náà, kò sì lò tó ọjọ́ mẹ́rin. Gíga ọ̀nà yẹn kọ́ ló wọ̀ wá lára jù. Apá kan wà níbẹ̀ tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń pè ní ọ̀nà àtijọ́ ti ìgbà àwọn amúnisìn. Wọ́n là á sára òkè nígbà ìjọba Faransé, wọ́n wá pa á tì, àgbàrá sì gbẹ́ ẹ títí ó fi di pé níbòmíràn, ènìyàn á sọ̀ kalẹ̀, á gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé èjìká. Ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá ń wo ẹwà òkè. Ta ló fọ́ òkúta ọ̀nà náà? Ìbéèrè yẹn la gbé padà wá sí Ganhi.

Tó bá jẹ́ tiwa, iwájú ibùdókọ̀ ojú irin ni eré náà yóò ti bẹ̀rẹ̀, la gare gan-an. Ẹni tó bá mọ Ganhi lónìí, báǹkì àti ilé ìtajà ló mọ̀, àti àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń jáde láti èbúté. Àmọ́ èbúté ńlá yìí kò tíì pẹ́, ọdún 1965 ló ṣí. Kó tó di ìgbà náà, afárá onírin ni Faransé kọ́ wọ inú òkun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já ẹrù. Láti ibẹ̀ ni irin, sìmẹ́ńtì àti ẹ̀rọ ti ń wọlé, láti ibẹ̀ náà ni epo pupa àti èkùrọ́ wa ti ń jáde. Lọ́dún 1900 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti etí òkun yìí, èrò wọn sì ni pé yóò dé ilẹ̀ Nìjẹ̀, yóò kan odò Ọya. Kò dé ibẹ̀ títí di òní. Ó dé Ṣábẹ lọ́dún 1911, ó sì dúró síbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 25. Ọdún 1936 ló tó wọ Parakou. Kìlómítà 438 ni gbogbo rẹ̀ láti Kútọnù.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èyí. Ojú irin kìlómítà 438, ta ló gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀? Àwọn òyìnbó ló ya àwòrán rẹ̀. Àwọn ọkùnrin láti abúlé tó wà lọ́tùn-ún lósì ọ̀nà ló fi ọkọ́ wa ilẹ̀, tí wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ ru ú. Ọ̀gá òyìnbó á bi olórí ìlú léèrè pé ọkùnrin mélòó lo máa mú wá, olórí ìlú á sì ní láti mú wọn wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fojú winá. Yàtọ̀ sí ti ojú irin, òfin tún sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo àgbàlagbà ọkùnrin fi iye ọjọ́ kan lọ́dọọdún ṣiṣẹ́ ọ̀nà láìgba owó. *Prestation* ni Faransé ń pè é. Àwọn àgbà wa ò ní orúkọ dáadáa fún un. Iṣẹ́ òyìnbó ni wọ́n ń wí, bí wọ́n bá sì wí i, ohùn wọn á yí padà. Títì àkọ́kọ́ tí mọ́tò gbà láti etí òkun lọ sí òkè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe là á. Òun náà ni ọ̀nà yangí tí a fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ gbà.

A ò ní sọ pé ojú irin náà kò ṣe wá ní rere. Ọ̀pọ̀ ìyá wa ló tọ́ ọmọ dàgbà lórí ọjà tó ń wà ní ibùdó rẹ̀, níbi tí ọkọ̀ bá ti dúró, iṣu, ẹ̀pà, àkàsà àti wàgàṣì á bọ́ sójú fèrèsé. Ní àwọn ọdún 1950, ẹ̀pà Nìjẹ̀ ń fi ọkọ̀ àjàgbé dé Parakou, ó ń fi ọkọ̀ ojú irin dé Kútọnù. *Opération Hirondelle* ni wọ́n ń pè é, bí ẹyẹ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀. Lọ́dún 1959 Dahomey àti Niger pa ọwọ́ pọ̀ dá OCDN sílẹ̀ láti máa bójú tó o, ó sì di OCBN nígbà tí orílẹ̀-èdè yí orúkọ padà sí Bénin lọ́dún 1975. Lọ́dún 2014 ilé-iṣẹ́ Bolloré bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin tuntun ní ilẹ̀ Nìjẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò so Kútọnù, Niamey, Ouagadougou àti Abidjan pọ̀. Ilé-iṣẹ́ Petrolin gbé ẹjọ́ dìde pé iṣẹ́ òun ni, ọ̀rọ̀ sì dákẹ́ síbẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá tọ ẹ̀bá irin náà pẹ̀lú kẹ̀kẹ́, koríko ni yóò máa kí i níbi púpọ̀.

Láti Kútọnù dé Allada, ilẹ̀ pupa tẹ́jú, kò sí wàhálà. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ ní Lama, kòtò gbọọrọ ilẹ̀ dúdú tó wà láàárín Allada àti Bohicon. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń sán bí ìkòkò tó fọ́. Nígbà òjò, amọ̀ rẹ̀ á dì mọ́ táyà títí kẹ̀kẹ́ kò fi ní yí mọ́. Lama da àwọn tó ń ṣe ojú irin láàmú gidigidi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe eré níbẹ̀ kó má ṣe é ní oṣù kẹfà, ká kúkú ti sọ ọ́.

Ilẹ̀ dúdú yìí kò parí sí Lama. Ó na ara rẹ̀ lọ sí ìlà-oòrùn, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa Ọ̀họ̀rí láàárín Pobè àti Kétu. Kì í ṣe ojú ọ̀nà eré wa, àmọ́ a ò lè kọjá láìsọ ọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí Faransé ń gba owó orí tí wọ́n sì ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sójú ogun, Ọ̀họ̀rí kọ̀, wọ́n gbé ohun ìjà. Amọ̀ yẹn ni odi ìlú wọn. Ọmọ ogun tó wọ bàtà kò rí ẹsẹ̀ fà yọ, ẹṣin kò rìn ín. Ó gba Faransé ní ọ̀pọ̀ ìgbà kí wọ́n tó borí wọn, nígbà tí wọ́n sì borí, ọ̀nà wà lára ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ là gba àárín ibẹ̀. Ọ̀nà mọ́tò tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ìjọba lónìí, nígbà yẹn ìyà ìṣẹ́gun ni.

Bohicon àti Abomey, a ó sáré kọjá níbẹ̀. Ìtàn wọn pọ̀ níta, wọn ò nílò wa.

Nísinsìnyí, Ìdàáṣà.

Bí ènìyàn bá ti kọjá odò Zou, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kókó. Lójijì, òkúta ńlá ńlá á dìde láti inú pẹ̀tẹ́lẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan kó wọn síbẹ̀. Ìlú òkè mọ́kànlélógójì ni wọ́n ń pe Ìdàáṣà. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa: lójú ẹni tó ti Atlas dé, níbi tí Toubkal ti ga ní mítà 4,167, òkè ni wọ́n ń pe èyí ṣe? Àmọ́ òkè kì í ṣe mítà nìkan. Ìtàn ìdílé ọba Ọmọjagun ní Ìdàáṣà sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá ni Jagun Ọlọ́fin ti wá tẹ ìlú náà dó. Ní gbogbo ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dahomey ń jáde láti Abomey wá kó ènìyàn, orí àwọn àpáta yìí ni àwọn ènìyàn ń sá gùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Abẹ́òkúta mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Lọ́dún 1830 ni ẹ̀yin náà dé abẹ́ Olúmọ, Dahomey sì wá bá yín níbẹ̀ lọ́dún 1851 àti 1864, ó padà lọ́wọ́ òfo lẹ́ẹ̀mejèèjì. Olúmọ ní tikẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ agbénisókè lónìí. Òkè Ìdàáṣà kò ní. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ṣe.

Nítorí náà, nígbà tí a bá ní kí kẹ̀kẹ́ gun òkè Ìdàáṣà, ọ̀nà tí a ń wí kì í ṣe ọ̀nà tí ẹnìkan là fún ìgbádùn. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni. Obìnrin tó pọn ọmọ sẹ́yìn ló kọ́kọ́ gbà á, lóru, tí kò fẹ́ kí iná hàn. Ibi tí omi wà lórí òkè, ibi tí ihò wà, àwọn ló mọ̀ ọ́n. Ihò àpáta Arigbo tí àwọn Kátólíìkì ń rìn lọ gbàdúrà sí lóṣù kẹjọ ọdọọdún, ara àwọn òkè wọ̀nyí kan náà ni. Lẹ́yìn tí ogun parí, tí Béhanzin ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún Faransé ní oṣù kìíní ọdún 1894, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ òkè. Wọ́n bá ojú irin níbẹ̀. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nítorí pé ogun Dahomey parí, òun ni wọ́n kà mọ́ àwọn tó máa ru ilẹ̀ ojú irin.

Láti Ìdàáṣà, ọ̀nà pín sí méjì. Ọ̀kan gba Glazoué lọ sí Ṣábẹ àti Parakou, èkejì gba Savalou lọ sí Djougou àti òkè Atacora. Òkè ni ọmọ náà béèrè, èkejì ló yẹ ká tẹ̀ lé. Àmọ́ a ò ní gbà kí eré yìí yẹra fún Ṣábẹ. Kí wọ́n lọ, kí wọ́n kan ìlú Oníṣábẹ, kí wọ́n yí àwọn àpáta rẹ̀ po, kí wọ́n sì padà. Nǹkan bí kìlómítà 55 ni àlọ, ó sì sọdá odò Ouémé. Ẹni tó bá kùn, kó máa kùn.

Ìdí tí a fi tẹnu mọ́ Ṣábẹ nìyí. Ojú irin dúró síbẹ̀ láti 1911. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ibẹ̀ ni òpin rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹrù ti ń bọ́ sílẹ̀ tí ènìyàn ń fi orí rù ú lọ sí àríwá. Iṣẹ́ àfipáṣe wúwo ní agbègbè náà. Ààlà kò sì jìnnà. Àdéhùn ọdún 1889 láàárín Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti fi Kétu sí ọwọ́ kan, ó fi Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ara rẹ̀ sí ọwọ́ kejì. Kétu tí a ń wí yìí, Dahomey ti sun ún kanlẹ̀ lọ́dún 1886, ọdún 1894 ni àwọn tó ṣẹ́kù tó padà wá tún un kọ́. Ìyà Dahomey kúrò, ti Faransé dé. Kí ni àwọn ènìyàn ṣe? Wọ́n di ẹrù wọn lóru, wọ́n sọdá. Abúlé odindi máa ń ṣí lọ sí apá Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí owó orí ti fúyẹ́ díẹ̀, tí wọn kì í sì í kó ọmọ ẹni lọ sógun bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ló kọ ọ́ lọ́dún 1976 pé ìṣípòpadà yẹn, ìṣọ̀tẹ̀ ni. A fara mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń ka èyí ní Ìmẹ̀kọ tàbí ní Ìṣẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá bi àwọn àgbà ilé yín dáadáa, ẹ lè rí i pé bàbá àgbà kan wà tó sá iṣẹ́ ọ̀nà wá.

Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946 ni òfin tó fagi lé iṣẹ́ àfipáṣe ní gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé jáde, Félix Houphouët-Boigny ti Côte d'Ivoire ló gbé e wá sílé ìgbìmọ̀ ní Paris. Ọdún mẹ́wàá ni ojú irin ti fi wọ Parakou kí òfin náà tó dé.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́nà. Lẹ́yìn Savalou, Bantè. Ẹni tó bá gbọ́ pé ìlú wa parí sí Ṣábẹ, ẹni náà kò tíì dé Bantè. Èdè Ìcà tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, ọmọ ìyá èdè wa ni. Ẹ kí wọn, ẹ ó gbọ́ èsì. Ẹ tún máa lọ sí àríwá títí ẹ ó fi kan Manigri, kó tó di Bassila. Ní Manigri wọ́n ṣì ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ wọn sì bá ti Kambolé mu, ní ilẹ̀ Tógò, lódì kejì ààlà. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ti Ganhi gun kẹ̀kẹ́ dé ibẹ̀, yóò ti fi kìlómítà tó lé ní 300 sẹ́yìn, ó sì tún lè fi "ẹ kú ìrọ̀lẹ́" béèrè omi. Kò sí àkọlé ojú ọ̀nà tó ń sọ èyí fún àlejò.

Ohun kan ń dùn wá nípa orúkọ. Máàpù tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń gbé sórí ẹ̀rọ kékeré iwájú wọn, ohun tí Faransé kọ ló ń kà. Savè ló ń kà fún Ṣábẹ. Dassa-Zoumé ló ń kà fún Ìdàáṣà, ọ̀rọ̀ Fọ̀n sì ni Zoumé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Bí eré yìí bá wáyé lọ́jọ́ kan, èyí tí a ó kọ́kọ́ bá wọn jà fún nìyẹn, ká tó sọ ọ̀rọ̀ owó.

Lẹ́yìn Bassila ni òkè gidi bẹ̀rẹ̀. Lápá ààlà Tógò ni Sokbaro wà, mítà 658, òun ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó ga jù ní Bẹ̀nẹ̀. Ara ọ̀wọ́ òkè kan náà ni, tó bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Gánà, tó gba Tógò kọjá, níbi tí Agou ti ga tó mítà 986, tí àwọn Ìfẹ̀ Atakpamé náà sì ń gbé lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kan. Láàárín Djougou àti Natitingou, ẹ ó kọjá lẹ́bàá àwọn abúlé Tanéka lórí òkè wọn. Àwọn náà sá gun òkè ni, bíi tiwa. Ní Natitingou, ilé alámọ̀ tó ga bí ilé ìṣọ́, tí wọ́n ń pè ní *tata*, ń sọ ìtàn kan náà ní èdè mìíràn. Ọdún 1916 sí 1917 ni Kaba kó àwọn ènìyàn ibẹ̀ jọ láti bá Faransé jà, ọ̀ràn owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe àti kíkó ènìyàn lọ sógun náà ni. Ọ̀họ̀rí nísàlẹ̀, Kaba lókè, ogun kan náà ni wọ́n ń jà láìmọ ara wọn.

Bí ẹ bá ka kìlómítà rẹ̀, títì ọlọ́dà láti Kútọnù dé Natitingou jẹ́ nǹkan bí 540. Pẹ̀lú Ṣábẹ àti àwọn ọ̀nà yangí tó ń yí gba abúlé, yóò sún mọ́ 700. Oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní la fi sí, tí ọyẹ́ ń fẹ́. Eruku á wà, ètè á sán, àmọ́ Lama á gbẹ.

Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà fi í kiri aṣọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnù, kí zémìjàn alùpùpù tó gba ìgboro, kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń gbé èrò, *taxi-kannan* ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ yẹn gun kìlómítà púpọ̀ lójúmọ́ pẹ̀lú ìyá oníṣòwò àti ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ.

Àwọn ìlúmọ̀ọ́ká òyìnbó náà ti wá sí agbègbè wa rí. Ní oṣù kejìlá ọdún 1959, ìjọba Haute-Volta pe Fausto Coppi, Jacques Anquetil, Raphaël Géminiani àti àwọn mìíràn wá sí Ouagadougou fún ayẹyẹ ọdún kan orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n sá eré, wọ́n lọ ṣọdẹ, ẹ̀fọn jẹ wọ́n. Ibà mú Coppi àti Géminiani nígbà tí wọ́n délé. Wọ́n mọ ti Géminiani, wọ́n fún un ní oògùn, ó yè. Ní Ítálì, wọn ò mọ̀ pé ibà ni ti Coppi. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 1960, ẹni ọdún 40. Àwọn ọmọ wa ń ṣe ibà láràárọ̀; ìyá àgbà kan ní ọjà Ganhi ì bá ti wo ojú rẹ̀ lásán kó sì mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún 1987 ni Tour du Faso bẹ̀rẹ̀, lórí ilẹ̀ kan náà. Ní ti eré orí yangí, àwọn ará Kẹ́ńyà ló ṣáájú wa. Sule Kangangi wà lára àwọn tó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sínú Team Amani, wọ́n sì ń sá Migration Gravel Race ní agbègbè Maasai Mara láti 2021. Kangangi ṣubú nínú eré kan ní Vermont, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ó sì kú. Ẹni ọdún 33 ni. Ohun tó ń sọ ṣáájú ikú rẹ̀ ni pé kí àwọn eléré ńlá máa wá bá àwọn ọmọ Áfíríkà sáré nílé wọn. Àwọn ọmọ zémì wa gbọ́dọ̀ gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá a padà lọ bá ọmọkùnrin tó béèrè náà. A fi ìka ya ọ̀nà náà fún un sórí pátákó tó fi ń tajà: Ganhi, Allada, Lama, Bohicon, Ìdàáṣà, Ṣábẹ kó padà, Savalou, Bantè, Manigri, Sokbaro, Djougou, Natitingou. Ó gbọ́ ti iṣẹ́ òyìnbó, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ìyá ìyá òun, ọmọ Ṣábẹ, máa ń sọ pé bàbá òun kò fẹ́ gbọ́ ohùn ọkọ̀ ojú irin sétí, òun ò sì mọ ìdí rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ló béèrè ọjọ́ mélòó. A ní ẹni tó bá lágbára lè lo ọjọ́ mẹ́ta, kó má fi bẹ́ẹ̀ sùn. Ó ní ta ló máa gbé omi fún un. A ní òfin eré náà ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá a gbé e. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nígbà náà àwọn tó là á kọ́kọ́ gba ipò kìíní tipẹ́, nítorí pé ẹnìkan ò bá wọn gbé e.